Irin aṣẹ́rípadà: ibi tí pupa ti ń kan dúdú

Àwọn tó ń to rélùwéè sórí tábìlì nílé máa ń sọ pé àwọn fẹ́ ṣe “lúùpù ribáàsì”, ìyẹn irin tó yà lára ojú irin, tó yí ká, tó sì padà wá kan ojú irin kan náà, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń bí mi nínú. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò ní gáréèjì rí, ì báà jẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́, ì báà jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mọ ohun tí à ń pè ní ribáàsì. Awakọ̀ á kọrùn sẹ́yìn, kọ́ńdọ́ á máa fọwọ́ gbá ara mọ́tò, “máa bọ̀, máa bọ̀”, mọ́tò á máa fìdí rìn. Ọkọ̀ tó gba orí irin tí à ń wí yìí kò fìdí rìn rárá. Imú ló fi wọlé, imú náà ló fi jáde. Kìkì pé nígbà tó bá jáde, ọ̀nà tó gbà wá ló tún kọjú sí. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn kí rélùwéè tó dé: ó ṣẹ́rí padà. Nítorí náà, irin aṣẹ́rípadà. Ó gùn lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó dàgbà sí Ọ̀fà kò gbà. Òun ló ń ṣe àwòkọ rélùwéè àtijọ́ ilẹ̀ wa, èyí tí ìbú ojú irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,067, ní ìwọ̀n 1 sí 64, lórí irin kékeré onímìlímítà 16.5. Ó ní ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, pé láti Òṣogbo ni ojú irin ti gba Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, tó fi ìlú wa sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ni mo wá mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rélùwéè? Ó ní “lúùpù” ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń sọ. Wọ́n ń sọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ nǹkan mìíràn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lúùpù tiwọn ni ojú irin kejì tó wà ní ibùdókọ̀, níbi tí ọkọ̀ kan ti ń yà dúró kí èkejì lè kọjá, torí pé ojú irin kan ṣoṣo ni lílọ àti bíbọ̀ jọ ń lò. Kò sí ọkọ̀ tó ń ṣẹ́rí padà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti lọ́kọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹlòmíràn tún dá a lábàá pé ká máa pè é ní “òbírípo ìyípadà”. Ẹgbẹ́ òṣèlú ló yẹ kó jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ burú jù níbẹ̀ ni òbírípo yẹn, torí pé irin tó yí po lásán, tí ọkọ̀ ń pòòyì lórí rẹ̀, kò ní wàhálà kankan. Ibi tí ọkọ̀ bá ti dojú kọ ibi tó ti wá ni wàhálà wà.

Wàhálà náà rèé. Mú aṣọ òfì gbọọrọ kan, èyí tí etí rẹ̀ ọ̀tún jẹ́ pupa, tí ti òsì jẹ́ dúdú. Tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí o wá darí orí rẹ̀ yípo títí á fi padà wá kan ara aṣọ náà láàárín, tó kọjú sí ìdí rẹ̀. Fẹ́ rán an mọ́ ọn, etí sí etí: pupa á bọ́ sórí dúdú, dúdú á bọ́ sórí pupa. Kò sí bí o ṣe lè tẹ́ ẹ tí kò ní rí bẹ́ẹ̀, àfi tí o bá lọ́ aṣọ náà, irin kò sì ṣeé lọ́. Pupa ni irin tó gbé pọ́sítíìfù, dúdú ni èkejì. Bí wọ́n bá ti kan ara, iná bíríìjì, àpótí iná tó ń fún irin ní iná á gé e. Bíríìjì ni gbogbo oníṣẹ́ iná ń sọ nígboro, òun náà ni mo sì ń sọ. Àwọn tó ń kọ “àyíká kúkúrú” sínú ìwé, kí wọ́n lọ sọ ọ́ fún oníṣẹ́ iná wọn, kí wọ́n wo ojú rẹ̀.

Gé irin méjèèjì ní ẹnu àbáwọlé, gé méjèèjì ní àbájáde, kí iná apá aṣẹ́rípadà lè dá yàtọ̀. Mo ní méjèèjì. Apá tí o gé sọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju ọkọ̀ rẹ tó gùn jù lọ, tòun ti gbogbo ohun tó ń fà, torí bí ẹsẹ̀ onírin ti iwájú bá ti wà lórí àlàfo kan, tí ti ẹ̀yìn ṣì wà lórí èkejì, ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn ló máa so iná pọ̀.

Lórí iná DC, ìyẹn iná tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, níbi tí ọkọ̀ ti ń lọ síwájú bí pọ́sítíìfù bá wà ní irin ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, fi súíìsì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, tó ń pààrọ̀ pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù, sí iná ọ̀nà gbangba, ìyẹn ojú irin tó kù lẹ́yìn aṣẹ́rípadà. Bí ọkọ̀ bá ti wọ inú aṣẹ́rípadà tán, yí ti ọ̀nà gbangba kó tó jáde. Má yí ti abẹ́ ọkọ̀ o! Bí o bá yí ìyẹn, á máa fìdí rìn padà. Ribáàsì gan-an nìyẹn. Lórí DCC, níbi tí àṣẹ ti ń gba ojú irin lọ bá ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì kò bìkítà nípa irin tó gbé èwo, ṣùgbọ́n bíríìjì náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń gbọ́ ọ lára irin, tí á sì yí iná padà fúnra rẹ̀ kí àpótí iná tó gé. Àwọn onírin mẹ́ta, Märklin ti Jámánì àti Lionel ti Amẹ́ríkà, kò mọ wàhálà yìí, torí àárín ni iná wọn ń gbà wọlé, irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ojú irin onígun mẹ́ta? Wàhálà kan náà ni, mi ò ní yà á sọ́tọ̀.

Bí iná bá ń gé, wo ìgbà tó ń gé. Bó bá gé láìsí ọkọ̀ kankan lórí irin, àlàfo kan kò sí níbi tó yẹ kó wà, tàbí kó jẹ́ súkúrú kan ló já bọ́ sórí irin. Bó bá wọlé dáadáa tó wá gé níbi àbájáde, o kò yí súíìsì ni. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ gígùn nìkan ló ń gé e, apá tí o gé sọ́tọ̀ kò gùn tó.

Èyí tó máa ń tan ènìyàn jẹ jù lọ́dọ̀ wa ni ti ọyẹ́. Ẹnì kan á to tirẹ̀ nígbà òjò, á gé àlàfo rẹ̀ dáadáa, ọkọ̀ á máa ṣẹ́rí padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Oṣù Kejìlá dé, gbogbo rẹ̀ kú lójijì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ á sáré lọ ra àpótí iná mìíràn. Pákó ló gbẹ. Bó ṣe ń gbẹ ló ń súnkì, irin orí rẹ̀ kì í sì í súnkì bẹ́ẹ̀, ni ẹnu irin méjèèjì bá sún mọ́ ara títí àlàfo fi pa dé. Tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. O lè má rí ju ìlà tín-ín-rín kan lọ. Tún un gé, fi ègé ike pẹlẹbẹ bọ inú rẹ̀, fi gúlúù mú un, kí o sì fi fáìlì rà á títí yóò fi bá ojú irin dọ́gba. Ṣe ti àlàfo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kódà bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló tíì pa dé.