Kì í ṣe nǹkan tí wọ́n fún àgbò yín jẹ lọ́jà ló ń ṣe é

Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, tí àwọn èèyàn wa ní Kubwa àti Nyanya l'Abuja ti ra àgbò dé láti ọjà ẹran Dei-Dei, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ebi ń pa á, ẹ bu àgbàdo fún un kó yó. Tí ẹran bá wá ń yàgbẹ́ gbuuru lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ lọ́jà, àbí ojú burúkú ló wò ó.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ rí. Àgbò Yankasa kan, irú àgùntàn ilẹ̀ Hausa, funfun tó ní dúdú yí ojú ká, ni mo da àgbàdo gbígbẹ sílẹ̀ fún lálẹ́ ọjọ́ tó dé. Inú mi ń dùn bó ṣe ń jẹ ẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó fara ti ògiri, ó ń payínkeke, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ le bí awọ ìlù. Ìgbẹ́ rẹ̀ ń rùn kíkan bí omidùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta ò mọ́ bá a.

Òórùn omidùn yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Ṣàkì tí à ń jẹ lọ́bẹ̀ ni àpò tí àgùntàn ń kó oúnjẹ sí. Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló kún ibẹ̀, àwọn ló ń bá a da koríko. Tí àgbàdo bá ya wọlé lójijì, irú kòkòrò mìíràn á gbilẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di kíkan, bí àgbàdo tí a rẹ ṣe ń kan di ògì. Kíkan yẹn á pa àwọn kòkòrò tó wúlò, á bó inú ṣàkì, á sì fa omi ara ẹran wọ ikùn, tí ojú rẹ̀ á fi jìn wọnú. Láàárín wákàtí 12 sí 48 ló sábà máa ń hàn. Gààrí, búrẹ́dì àti ìrẹsì àjẹkù ń ṣe bákan náà.

Èyí tó dùn mí jù ni kápúsù pupa-òun-yẹ́lò, tetracycline tó ń pa kòkòrò, tí wọ́n ń tú sómi fún un nítorí ìgbẹ́ gbuuru. Ìwọ̀nba kòkòrò tó ṣẹ́ kù tí ì bá da koríko fún un ni kápúsù yẹn ń pa tán.

Omi tó mọ́ àti koríko gbígbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Harawa, ewé ẹ̀wà tàbí ti ẹ̀pà tí wọ́n sá gbẹ, kò wọ́n níhìn-ín. Ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ikùn bá ti wú, ẹ kó ọkà kúrò, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má da òróró sí ẹnu ẹran tó ti dùbúlẹ̀, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ṣùgbọ́n tí ikun bá ń dà nímú rẹ̀, tí ojú ń ṣepin, tí egbò sì wà lẹ́nu, ó lè jẹ́ PPR, àrùn àgùntàn àti ewúrẹ́ tó ń ràn. Àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é ní Vom, lẹ́bàá Jos. Ẹ ya ẹran tuntun sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àwọn kan á ní ká kúkú tètè dú u. Ẹran tí àìsàn rẹ̀ hàn gbangba wà lára mẹ́rin tí Ànábì sọ pé wọn ò ṣe é pa fún Iléyá.