Èènì inú nọ́ńbà ńlá

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kí á tó lè sọ pé nọ́ńbà kan ṣeé pín (ìyẹn pé nọ́ńbà mìíràn, yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, lè pín in láìṣẹ́kù), àfi kí á kọ́kọ́ rí ohun tó pín in. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1876, Édouard Lucas, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé 2⁶⁷ − 1 (ìyẹn 2 tí a kọ nígbà 67, tí a sọ wọ́n lọ́nà ara wọn, tí a wá yọ 1) ṣeé pín, kò sì mọ ohun tó pín in. Ọdún 1903 ni Frank Nelson Cole, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, tó kó àwọn tó pín in jáde: 193,707,721 lọ́nà 761,838,257,287.

Ká ní ìyá ẹlẹ́ja kan lọ́jà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, ní ẹja yíyan 2,047, tó fẹ́ kó o lókìtì-lókìtì, kí òkìtì kan má ju ìkejì lọ, kí ẹyọ kan má sì ṣẹ́kù. Ó kó o ní méjì-méjì, ẹyọ kan kù. Mẹ́ta-mẹ́ta, ẹyọ kan kù. Márùn-ún-márùn-ún, méjì kù. Ó di ìgbà tó bá fi 23 kó o kí òkìtì 89 tó pé géérégé. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ńlá gidi ni, ọjà á ti tú kó tó débì kankan.

Ọ̀nà Lucas, tí Lehmer, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, tún ṣe lẹ́yìn náà, kì í wá òkìtì rárá. Ẹ mú 127, ìyẹn 2⁷ − 1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4. Ẹ sọ ọ́ lọ́nà ara rẹ̀, ẹ yọ 2. Tó bá ti ju 127 lọ, ẹ kó gbogbo 127 inú rẹ̀ dànù, kí ẹ mú ìyókù. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré, torí 7 dín 2 ni: 4 di 14, ó di 67, 42, 111, ó parí sí òdo. Òdo yẹn ló ní 127 kò ṣeé pín.

Ibi tó dùn nìyí. Nígbà tí 67 fi máa di 42, 4,487 ló kọ́kọ́ dà, a sì ní láti kó 127 kúrò nínú rẹ̀. Kò sí pé à ń pín nǹkan kan. Ẹ fi apẹ̀rẹ̀ tó ń gba 128 kó o: apẹ̀rẹ̀ 35 kún, ẹja 7 kù nílẹ̀. 127 lowó wà fún nínú apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan tó lé ni èènì. Èènì 35, pẹ̀lú 7 tó kù, 42 nìyẹn. (Ẹlẹ́ja tó ń fúnni ní èènì ẹyọ kan lórí 127, ahun ni o.) Ní ìpele tó kẹ́yìn, 12,319 kún apẹ̀rẹ̀ 96, ó ku 31, 96 àti 31 jẹ́ 127 gan-an, ilẹ̀ mọ́.

Kọ̀ǹpútà ò ka nǹkan mìíràn ju òdo àti ení lọ, nítorí náà kíkó ní 128 kò ju kó gé nọ́ńbà sí méjì, kó ro wọ́n pọ̀. Bóyá ìdí rèé tí irú nọ́ńbà yìí fi sábà máa ń gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn nọ́ńbà tó tóbi jù tí a mọ̀ pé kò ṣeé pín. Èyí tí Luke Durant rí ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1, ní díjíìtì 41,024,320. Ọ̀nà Lucas gbọ́dọ̀ yí i po ju mílíọ̀nù 136 ìgbà lọ.

Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Tí a bá fi 2,047 ti ẹlẹ́ja yẹn, ìyẹn 2¹¹ − 1, sí i, ìyípo mẹ́sàn-án á parí sí 1,736, kì í ṣe òdo, ó ṣeé pín nìyẹn. 23 ò yọjú, 89 ò yọjú. Nọ́ńbà 2¹²⁷⁷ − 1 ò ju díjíìtì 385 lọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ṣeé pín. Títí ọdún 2024 fi parí, ẹnikẹ́ni ò tíì rí ohun tó pín in.