Kí Ló Dé Tí Owó Ìwọlé Fi Ń Ju Owó Ilé Lọ? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Gbígba Ilé ní Yábàá

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ríṣẹ́ sí Yábàá, ó ń ti Ìbàdàn bọ̀, kò sì nílé. Èmi ti lò ju ogún ọdún lọ ní àdúgbò yẹn, láti Ẹ̀bútè-Mẹ́ta dé Sábó, ilé mẹ́rin ni mo sì ti gbé. Lálaalẹ́ ló ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo kó wọn jọ síbí nítorí pé ó ń dùn mí bí owó ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan ilé rárá. Òfin wà lẹ́yìn ayálégbé dáadáa bó bá ti wọlé. Kó tó wọlé ni kò sẹ́ni tó ń bá a ṣọ́ ara rẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ̀jẹ́ǹtì ní ₦1,200,000 ni owó ilé. Nígbà tí mo ní mo ti ṣe tán, ó ní kí n mú ₦1,690,000 wá. Ṣé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni?

Kò tíì rẹ́ ọ jẹ, ṣùgbọ́n ní kó tò ó sílẹ̀ fún ọ níkọ̀ọ̀kan. Mo bá ọ ṣírò rẹ̀. Owó ilé gan-an ni ₦1,200,000. Kọ́míṣọ̀n ẹ̀jẹ́ǹtì, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ₦120,000. Owó àgírímẹ́ǹtì, tí wọ́n ní ti lọ́yà ni, ₦120,000 mìíràn. Káúṣọ̀n ₦100,000, ìyẹn owó tí onílé dì mú kó lè fi tún ohun tí o bá bàjẹ́ ṣe. Èyí tó kù, ₦150,000, ni owó sáfíìsì: ẹni tó ń ṣọ́ géètì, pọ́ǹpù omi, ilẹ̀ gbígbá, epo jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo ilé jọ ń lò.

Bó bá di ọdún kejì, owó ilé àti sáfíìsì nìkan ló kù, ₦1,350,000. Nítorí náà iye méjì ni kí o máa bi wọ́n: èló ni ọdún àkọ́kọ́, èló ni ọdún kejì? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sáré wá ti ọdún àkọ́kọ́, tí ti ọdún kejì sì wá ká wọn mọ́lé nígbà tí onílé ti fi owó kún un.

Ibi tí owó ti lè wálẹ̀ ni àgírímẹ́ǹtì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ fún gbogbo ará ilé, orúkọ nìkan ni wọ́n ń yí. Ná an! Mo ti rí ẹni tó san ìdajì. Owó sáfíìsì àti káúṣọ̀n ní tiwọn gbọ́dọ̀ ní rísíìtì ọ̀tọ̀, òfin Èkó sì sọ pé ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹni tó ń béèrè rẹ̀ kò pọ̀. Béèrè tìrẹ.

Ìbéèrè: Kí ló mú Yábàá wọ́n tó báyìí? Yàrá kan ní Yábàá, owó rẹ̀ á gba odidi ilé ní Ìbàdàn.

Ibi tó wà ni. Afárá Third Mainland tí wọ́n parí ní 1990 ń gbé èèyàn láti ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lọ sí Erékùṣù Èkó. Yabatech ti wà níbẹ̀ láti 1947, UNILAG tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 ń bẹ ní Akọka, ọdọọdún sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń wá yàrá. Ní 2011, Co-Creation Hub, ibi tí àwọn tó ń dá iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ṣílẹ̀kùn lójú ọ̀nà Herbert Macaulay, àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà sì tẹ̀lé e wá. Reluwé Red Line wá bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní October 2024, ó dúró ní Yábàá, ó dúró ní Òyìngbò. Gbogbo wọn ló ń jà lé ilẹ̀ kan náà, ilẹ̀ ọ̀hún kò sì fẹ̀ sí i.

Àwọn àgbà ibẹ̀ á sọ fún ọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Nígbà tí àrùn tí eku ń kó kiri pa èèyàn púpọ̀ ní Erékùṣù Èkó láti 1924, ìjọba òyìnbó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928, LEDB, kí wọ́n fi tún ìlú ṣe. Ìgbìmọ̀ yẹn ló la àwọn títì Yábàá gbọnrangandan bí o ṣe ń rí wọn yìí. Àwọn kan náà ló wó ilé àwọn èèyàn nílẹ̀ ní àárín Erékùṣù Èkó láti 1955, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Sùúrùlérè. Lónìí, àwọn ilé àtijọ́ tó ní yàrá mẹ́jọ mẹ́jọ tó dojú kọra wọn, tí mẹ̀kúnnù ń gbé, ni wọ́n ń tà. Fúláàtì olówó ńlá ló ń rọ́pò wọn, òmíràn sì jẹ́ ti àwọn tó ń wá sùn fún ọjọ́ mẹ́ta péré.

Bí apá rẹ kò bá ká Yábàá, wo ojú irin náà. Mushin àti Agége wà lórí rẹ̀, wàá sì ṣì débi iṣẹ́ láìwọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ.

Ìbéèrè: Onílé kan ní ọdún méjì lòun fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan. Ṣé òfin gbà á láyè?

Rárá. Òfin ilé yíyá tí Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lù ní 2011 sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń san owó lóṣooṣù, kò gbọ́dọ̀ san ju ti oṣù mẹ́fà lọ. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, ọdún kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àti ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ló jẹ̀bi: owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, àmọ́ Yábàá, Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, Sùúrùlérè àti Ìsàlẹ̀ Èkó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́. Bí o bá gbé òfin yìí ka iwájú ẹ̀jẹ́ǹtì, á ní kò burú, á sì pe ẹlòmíì kó o tó dé ìdíkọ̀. Wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ onílé fúnra rẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni ayálégbé tó san ọdún kan, tó wá jókòó ọdún mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹjọ́ ń falẹ̀ ní kóòtù. Opó arúgbó kan ni onílé mi ìkejì, owó yàrá méjì yẹn ló fi ń jẹun, òun náà ló fi ń ra oògùn. Nígbà tí mo fi ìwé ibi iṣẹ́ mi hàn án, tí mo sì mú ẹnìkan tó mọ̀ wá dúró fún mi, kò dárúkọ ọdún méjì mọ́.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń gba owó ilé kan lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Òótọ́ ni. Ní 2016, ọkùnrin kan gba ₦5,000 lọ́wọ́ mi kó tó gbà láti mú mi lọ wo ilé kan nítòsí Fádéyì. Bá a ṣe dé ẹnu géètì, ìyá kan ń sá aṣọ sórí okùn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ìwọ ni ìkẹrin lónìí. Ẹni tó gbà á ti kó ẹrù wọlé láti Ìṣẹ́gun tó kọjá." Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, ọkùnrin náà ti ń fóònù lọ sí ìgbẹ̀yìn àdúgbò. ₦5,000 yẹn kò padà wá.

Láti ìgbà náà, àwọn tó ń gbé inú ilé ni mo máa ń kọ́kọ́ kí. Béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni wọ́n ń san owó fún, àti pé yàrá wo ló ṣófo. Bí ẹ̀jẹ́ǹtì kò bá fẹ́ kí o bá wọn sọ̀rọ̀, máa lọ. LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀, ń forúkọ àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì sílẹ̀. Wò ó bóyá tirẹ̀ wà níbẹ̀. Má fi owó ilé sínú àkáǹtì ẹ̀jẹ́ǹtì. Àkáǹtì onílé ni kó lọ, kí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ bá ti inú àgírímẹ́ǹtì mu. Kí rísíìtì sì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú déètì, orúkọ onílé, orúkọ rẹ, ibi tí ilé wà, iye owó, àti ìgbà tí owó náà máa tán. Onílé tí kò bá fún ọ ní rísíìtì ti rú òfin, ₦10,000 ni ìtanràn rẹ̀.

Ìbéèrè: Bó bá jẹ́ ilé ẹbí ńkọ́?

Ẹ̀bútè-Mẹ́ta àti Ìsàlẹ̀ Èkó kún fún un. Bàbá tó kọ́ ilé ti kú, ọmọ mẹ́sàn-án ló fi sílẹ̀, láti ara ìyá mẹ́ta. Àkọ́bí gba owó lọ́wọ́ rẹ ní January. Ní March, àbúrò rẹ̀ kan dé láti òkè òkun, ó ní yàrá yẹn ni wọ́n pín fóun. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì, ìjà ẹbí ni, ìwọ ló sì máa fara gbá a. Ní ilẹ̀ Yorùbá, olórí ẹbí ló ń bójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn, nítorí náà béèrè ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí, kí òun àti ó kéré tán ẹnìkan láti ara ìyá kọ̀ọ̀kan buwọ́ lu ìwé rẹ. Bí wọ́n bá ní kò pọn dandan, fi ilé náà sílẹ̀ bó ti wù kó dára tó.

Ìbéèrè: Ẹ ní kí n má gba ilé tá a jọ lọ wò ní Sátidé. Kí lẹ rí tí mi ò rí?

Ọ̀dà tuntun lo rí. Èmi wo ẹ̀yìn pákó tí wọ́n fi ti ògiri yàrá. Ìlà kan wà níbẹ̀, ó ga tó orúnkún, bí èyí tí tíì máa ń fi sílẹ̀ lára ife. Omi ló fà á. Mo ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná: ó wúkọ́, ó tu atẹ́gùn jáde, lẹ́yìn náà ni omi pupa bí omi osùn ń kán tó, tó. Nígbà tí ìwọ ń bá ẹ̀jẹ́ǹtì ná ọjà, mo lọ ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá tó wà níta. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti sọ fún yín pé omi máa ń bá wọn sùn níbẹ̀ lóṣù kẹfà?" Àkàrà ₦500 ni mo rà tí mo fi gbọ́ ìyẹn.

Ọ̀sán ni ẹ̀jẹ́ǹtì máa ń mú èèyàn lọ. Padà lọ lálẹ́, kí o gbọ́ ariwo ilé ọtí tàbí ti jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Padà lọ lẹ́yìn òjò. Wò ó bóyá mítà iná jẹ́ tìrẹ nìkan, kí o sì béèrè bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n bi mí bóyá mo ti gbéyàwó, wọ́n tún bi mí pé ìlú wo ni mo ti wá.

Ìwọ tó jẹ́ ọkùnrin, tó jẹ́ Yorùbá, wọ́n béèrè, wọ́n sì dákẹ́. Obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, wọ́n á ní kó mú ọkùnrin wá dúró fún òun, bẹ́ẹ̀ òun ló ń san owó ara rẹ̀. Ọmọ Ìgbò, wọ́n á ní ilé ti tán. Ìwà burúkú ni, ó sì ń tì mí lójú pé àwa ni à ń hù ú ní ìlú tí gbogbo ayé kọ́.

Ìbéèrè: Ẹni tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí gba ìwé ọjọ́ méje. Ṣé ọjọ́ méje ló ní láti kó jáde?

Ìwé yẹn ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn jáde lálẹ́ lásán. Ohun tó ń sọ ni pé lẹ́yìn ọjọ́ méje, onílé á lọ sí kóòtù láti gba ilé rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, nótíìsì gbọ́dọ̀ ti wá: oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù kan fún ẹni tó ń san lóṣooṣù. Àmọ́ ka àgírímẹ́ǹtì rẹ dáadáa, nítorí bí ẹ bá ti fọwọ́ sí iye ọjọ́ mìíràn níbẹ̀, ìyẹn ló mú. Bó bá sì jẹ́ pé ọdún kan géérégé lẹ kọ, tí ó ti pé, onílé kò nílò nótíìsì mọ́, ìwé ọjọ́ méje nìkan ti tó.

Kóòtù nìkan ló lè lé èèyàn jáde. Onílé tó bá ṣí páànù orí ilé, tó wó apá kan rẹ̀, tàbí tó fipá lé ayálégbé síta láìsí àṣẹ kóòtù lè san ₦250,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kí ẹni náà lọ sí Citizens' Mediation Centre, ti ìjọba Èkó. Wọn kì í gba kọ́bọ̀, wọ́n á pe onílé wá jókòó, ọ̀pọ̀ aáwọ̀ ló sì ń tán síbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n máa ń dá owó káúṣọ̀n padà lóòótọ́?

Ẹni tó bá ní ẹ̀rí ni wọ́n ń dá a padà fún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, kí o tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, ya fọ́tò ògiri, àjà, fèrèsé, ilẹ̀kùn, ilé ìwẹ̀, kí o sì fi ránṣẹ́ sí onílé lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo kó kúrò nílé mi ìkẹta, kíátékà ní èmi ni mo fọ́ básínì ìfọwọ́. Mo ṣí fóònù mi, mo fi fọ́tò ọdún mẹ́rin sẹ́yìn hàn án, ibi tó ti là náà wà níbẹ̀ kedere. Ó wò ó títí. Nígbà tó yá, ó wọlé lọ, ó sì ka ₦60,000 sí mi lọ́wọ́.