Ẹ Yé Fi Fọ́tò Kọ Ìlànà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìbàdàn tó ń gbé ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ síta kí gbogbo ayé lè lò ó, kí wọ́n sì tún un ṣe, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé ìlànà yín, tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lo ètò náà, ló ń bí mi nínú. Kíkọ́ àwọn aláìríran ní kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, mo sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Síbẹ̀, PDF tí ẹ yà bí ẹni ya fọ́tò lẹ ṣì ń fi ránṣẹ́ pé kí n bá yín yẹ̀ wò. NVDA, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà síta, tí aláìríran ará Ọsirélíà kan bẹ̀rẹ̀ ní 2006, àwòrán lásán ló máa bá níbẹ̀.

HTML, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ewé ìkànnì, ni kẹ́ ẹ lò, tàbí Markdown, ọ̀nà ìkọ̀wé tó rọrùn, tó máa di HTML. Ẹ lè fi PDF kún un, bó bá ti ní àwọn àmì inú fáìlì, irú èyí tó ń sọ pé àkòrí nìyí, tí PDF/UA, ìlànà ọdún 2012 fún PDF tí aláìríran náà lè lò, béèrè.

Ọ̀rọ̀ àkòrí ni kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Lẹ́tà ńlá tó dúdú kirikiri kì í ṣe àkòrí. Ẹni tó ń lo NVDA á tẹ H, á bọ́ sórí àkòrí tó kàn. Bó bá tẹ 2, àkòrí onípele kejì nìkan ló máa bá. Bẹ́ ẹ bá kàn mú lẹ́tà tóbi, H ò ní rí nǹkan kan, ẹni ẹlẹ́ni á sì máa gbọ́ ìwé yín láti òkè délẹ̀ kó tó débi tó ń wá. Nínú Markdown, # méjì àti àlàfo kan níwájú àkòrí náà ti tó!

Àwọn kan ń ta ìlà kóòdù kan kiri, pé bẹ́ ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìkànnì yín, ìṣòro aláìríran ti tán. Irọ́ gbuu ni. Àwọn mìíràn ní fọ́tò ni ò ní jẹ́ kí wọ́n jí iṣẹ́ àwọn. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ, kí lẹ ń ṣọ́ níbẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní Bódìjà fẹ́ fi irú ètò bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Inú fọ́tò ni àṣẹ tó máa tẹ̀ wà: rm -r old*, ìyẹn ni pé kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo ohun tí orúkọ rẹ̀ bá fi old bẹ̀rẹ̀ rẹ́. Ó bẹ aládùúgbò kó bá òun kà á. Ìyẹn kà á bó ṣe rí i: “old, ìràwọ̀.” Ọmọ náà fi àlàfo sáàárín méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ tó bá dá dúró, “gbogbo nǹkan” ló túmọ̀ sí, kọ̀ǹpútà sì pa gbogbo ohun tó wà nínú fódà náà rẹ́, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ wà lára wọn. Ohun tí rm bá pa rẹ́ kì í lọ sínú àpótí ìdọ̀tí tẹ́ ẹ ti lè ṣà á padà. Ká ní ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n kọ, ṣe ni ì bá dà á kọ, kó sì lẹ̀ ẹ́. Mo ti kọ̀wé sáwọn tó ni ìlànà náà. Fọ́tò yẹn ṣì wà níbẹ̀.