Ta ló gbá home run jù lọ, kí ló dé tí ẹnu ò fi kò?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 16 dìbò lórí bóyá kí Barry Bonds, agbábésíbọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìntì, wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù, ní Cooperstown, Amẹ́ríkà. Ìbò 12 ló ń wá. Èyí tó rí kò tó 5. Ìfura pé ó lo sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tó ń fún ni níṣan, ló wà nídìí rẹ̀. Síbẹ̀, òun náà ló ṣì wà lókè téńté nínú ìwé àkọsílẹ̀ eré yìí.

Kí ni Bonds ṣe gan-an?
Home run 762 ló gbá, 73 nínú rẹ̀ lọ́dún 2001 nìkan. Home run ni kí ẹni tó mú igi gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri pápá. Kí ó tó dé, Hank Aaron ló wà níwájú pẹ̀lú 755. Aláwọ̀ dúdú ni Aaron, lẹ́tà ìhàlẹ̀ ikú ló sì ń gbà bó ṣe ń sún mọ́ 714 ti Babe Ruth. Bí oògùn bá wá bo iṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ kó dun ni.

Ṣé wọ́n ká oògùn mọ́ ọn lọ́wọ́ ni?
Líìgì bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ò fìyà sítẹ́rọ́ọ̀dù jẹ ẹ́ rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́dún 2003, àwọn agbófinró ya wọ BALCO, ilé iṣẹ́ kan nítòsí San Francisco tó ń fún àwọn eléré ìdárayá ní oògùn. Ohun méjì ló lókìkí níbẹ̀. Èkíní ni THG, sítẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kán sábẹ́ ahọ́n, tí àyẹ̀wò ìgbà náà kò sì lè rí. Èkejì ni ìpara testosterone, èròjà inú ara tó ń kọ́ iṣan. Àyẹ̀wò máa ń fi testosterone wé epitestosterone, ìkejì rẹ̀ tí ara ń ṣe àmọ́ tí kì í kọ́ iṣan; bó bá fi púpọ̀ jù ú lọ, wọ́n á fura. Nítorí náà ni wọ́n ṣe po méjèèjì pọ̀ sínú ìpara náà. Bonds jẹ́rìí pé òun lo ohun tí wọ́n fún òun, àmọ́ òun ò mọ̀ pé sítẹ́rọ́ọ̀dù ni. Wọ́n dá a lẹ́bi lọ́dún 2011 pé ó dí ìdájọ́ lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọ́gi lé e lọ́dún 2015.

Kí ló dé tí wọn ò pa 762 náà rẹ́?
Torí pé kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ yọ ọ́. Inú ìdíje ni home run kọ̀ọ̀kan wà: ó fi àmì kún ti ẹgbẹ́ kan, ó ba iṣẹ́ ẹni tó ju bọ́ọ̀lù jẹ́, ó sì lè jẹ́ òun ló pinnu ẹni tó borí. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ta ló wá borí lọ́jọ́ náà?

Eré sísá ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì Sydney 2000, Amẹ́ríkà ṣe ipò kìíní nínú 4x400 àwọn ọkùnrin, Nàìjíríà ṣe ìkejì. Lọ́dún 2008, Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó sá a, jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé òun lo oògùn. Lọ́dún 2012, wọ́n gbé wúrà náà fún Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n Sunday Bada, tó wà nínú àwọn tó sá a fún Nàìjíríà, ti kú ní oṣù Kejìlá 2011. Àtúnṣe wà lóòótọ́, àmọ́ ó pẹ́ jù fún un.

Ṣé ó ní àmì tí wọ́n fi sí 762 náà pé iyèméjì wà níbẹ̀?
Kò sí nínú ìwé. Ara bọ́ọ̀lù home run 756, èyí tí Bonds fi kọjá Aaron, ló wà: Marc Ecko, oníṣòwò aṣọ, rà á ní $752,467, ó ní kí aráàlú dìbò, wọ́n sì gé àmì ìràwọ̀ sí i lára. Cooperstown ló wà báyìí.

Ta ni kí n wá kà sí?
Ẹ wo ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ènìyàn ti gbá ju 62 lọ ní sáà kan: 73, 70, 66, 65, 64, 63. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sáàárín 1998 sí 2001, nígbà tí líìgì kò tíì máa yẹ ara ẹnikẹ́ni wò. Mark McGwire, tó ni 70 àti 65, jẹ́wọ́ lọ́dún 2010 pé òun lo sítẹ́rọ́ọ̀dù. Aaron Judge gbá 62 lọ́dún 2022, lábẹ́ àyẹ̀wò. Òun ni àwa máa kà fún sáà kan.

Kí ni ìyà ẹni tí àyẹ̀wò líìgì bá ká oògùn mọ́ lára báyìí?
Lákọ̀ọ́kọ́, kò ní gbá ìdíje 80; lẹ́ẹ̀kejì, 162; lẹ́ẹ̀kẹta, lílé pátápátá.

Ọmọ mi ń ṣeré ìdárayá. Kí ni kí n bẹ̀rù?
Ìyẹ̀fun inú ike tí wọ́n ń tà pé ó ń fún ni níṣan. Nígbà mìíràn, ohun tí wọn ò kọ sára ike máa ń wà nínú rẹ̀, orí ẹni tó mu ún sì ni ẹ̀bi máa wà. Ẹ fi orúkọ inú rẹ̀ wé ìwé òfin WADA (àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá), tó ń yí padà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdọọdún. Bí ẹ bá rí ostarine tàbí orúkọ tó ní "andro", ẹ dá a padà. Sítẹ́rọ́ọ̀dù lè mú kí eegun ọ̀dọ́ dẹ́kun gígùn láìtọ́jọ́, ó ń mú kí kórópọ̀n súnkì, ó sì ń ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Sítẹ́rọ́ọ̀dù tí dókítà kọ fún ikọ́ fée ńkọ́?
Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Prednisolone ń dín wíwú inú ara kù ni, kì í kọ́ iṣan. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Bí ọmọ náà bá ń díje, ẹ sọ fún dókítà kó bá yín béèrè ìyọ̀ǹda kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.