Afẹ́fẹ́ Búburú Ló Bí Ẹ̀rọ Amúlétutù

Bí ènìyàn bá béèrè ẹni tó dá ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀, orúkọ Willis Carrier, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ni wọn yóò dá a lóhùn, wọn yóò sì fi ọdún 1902 tì í. N kò bá wọn jiyàn lórí ọdún náà. Ohun tí n kò gbà ni pé àárín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, tí wọ́n sì fi oníṣègùn kan sẹ́yìn, ẹni tó ti mú yàrá tutù ní àádọ́ta ọdún ó lé ṣáájú Carrier, nítorí ó gbà pé afẹ́fẹ́ ló ń pa àwọn aláìsàn òun.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí a wo àwọn tó ṣíwájú. Ní ìlú Yazd ní ilẹ̀ Ìránì, àwọn ọ̀mọ̀lé àtijọ́ a máa mọ ilé gogoro sórí òrùlé, wọn a dá ihò gbọọrọ sí i lára, kí atẹ́gùn òkè lè gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná sì rí ọ̀nà jáde. Nígbà mìíràn, wọn a jẹ́ kí atẹ́gùn náà kọjá lórí omi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ onílé. Àwòrán ilé láti Íjíbítì ìgbàanì fi irú ihò bẹ́ẹ̀ hàn, tí a kọjú rẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. A sábà máa ń gbọ́ pé ooru nìkan ni wọ́n ń sá fún. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti sùn rí nínú yàrá tí èrò pọ̀ sí mọ̀ pé ooru nìkan kọ́ ní ń lé ènìyàn síta: òógùn wà níbẹ̀, èéfín iná wà níbẹ̀, èémí gbogbo wọn sì wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀mọ̀lé wọ̀nyẹn má tilẹ̀ ya ìtutù sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ́tótó afẹ́fẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ihò kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ní ti Ding Huan ará Ṣáínà, tí wọ́n ní ó ṣe abẹ̀bẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ tí ẹnì kan ń yí ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀. Ṣe ni abẹ̀bẹ̀ ń ru afẹ́fẹ́ inú ilé sókè, kì í pààrọ̀ rẹ̀.

John Gorrie ni oníṣègùn tí mo ń wí. Ní 1833 ló dé Apalachicola, létí òkun ní Florida, ibi tí ibà ti ń dààmú àwọn ará ìlú. Kò sí ẹni tó tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Ohun tí àwọn oníṣègùn gbà ni pé ooru àbàtà àti ohun jíjẹrà ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, tí afẹ́fẹ́ náà sì ń gbé àìsàn wọ ara. Wọ́n ṣìnà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà yẹn ni Gorrie ti rí ohun tó rí. Ó so àwo yìnyín rọ̀ sí àjà yàrá aláìsàn, ó fa ọ̀pá kan láti inú ihò èéfín ilé wá sí òkè àwo náà, kí afẹ́fẹ́ òde lè gba ibẹ̀ wọlé, kí ó tutù, kí ó wúwo, kí ó sì rọra ṣàn bo aláìsàn. Ó wá dá ihò sí ìsàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, kí èyí tí a ti mí lè bá ibẹ̀ lọ. Ní 1844 ó kọ àròkọ léraléra sínú ìwé ìròyìn ìlú náà lórí bí a ṣe lè dènà ibà, orúkọ Jenner ló sì fi bo ara rẹ̀ lójú. Nítorí pé ọkọ̀ ojú omi ló ń kó yìnyín wá láti àríwá, tí kì í sì í dé déédéé, ó ṣe ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, tí ń fi omi tù ú, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ kí ó lè tutù dé ibi tí omi yóò fi dì. Ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ náà, nọ́ńbà 8,080, jáde ní May 6, 1851. Kò rí olówó tí yóò bá a gbé e lárugẹ, ó sì kú ní 1855.

Ti Carrier kò gba àlàyé púpọ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn ló ní ìṣòro: ọ̀rinrin ń mú kí pépà fẹ̀ kí ó sì súnkì, àwọ̀ kò sì bọ́ sí ojú ibi tó yẹ. Ìlera pépà ló wá wò. Kódà Stuart Cramer, onímọ̀ ẹ̀rọ tó fún iṣẹ́ náà ní 1906 ní orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é títí dòní, “air conditioning”, inú ilé iṣẹ́ òwú ni ọkàn tirẹ̀ wà.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà wá dé inú ilé, bí ti olówó kan, Charles Gates, ní Minneapolis ní 1914, tó sì wá kéré títí tó fi wọ ojú fèrèsé ní àwọn ọdún 1930, ìtutù nìkan ni ó kù tí oníbàárà ń béèrè. Ihò tí Gorrie fi ń mú afẹ́fẹ́ òde wọlé pòórá díẹ̀díẹ̀, nítorí pé owó iná ló ń lọ bí a bá ń tu afẹ́fẹ́ titun lára nígbà gbogbo. Ọ̀wọ́n epo 1973 tún dín in kù: òfin àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà sọ afẹ́fẹ́ òde tó tọ́ sí ẹnì kan di ẹsẹ̀ kúbíìkì 5 ní ìṣẹ́jú kan, orí fífọ́ àti ojú títa sì di ẹ̀sùn àwọn òṣìṣẹ́, títí wọ́n fi gbé e sókè dé 15 ní 1989. Àrùn tó pa àwọn ológun fẹ̀yìntì ní Philadelphia ní 1976 bọ́ sí àkókò yìí. Inú omi ẹ̀rọ amúlétutù ńlá ti ilé ìtura kan ni wọ́n gbà pé kòkòrò rẹ̀ ti gbilẹ̀, kì í ṣe inú irú ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ògiri yàrá.

Ẹ̀rọ ara ògiri yìí, afẹ́fẹ́ yàrá kan náà ló ń fà, tó ń tù, tó sì ń dá padà. Ó ń fa ọ̀rinrin kúrò, èyí sì ń dín àwọn kòkòrò inú eruku kù. Asẹ́ rẹ̀ ń mú irun àti eruku tó hàn sójú, ṣùgbọ́n eruku wẹ́wẹ́ inú èéfín ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí a kò bá fọ asẹ́ náà, tí omi sì dúró sínú àwo abẹ́ rẹ̀, ohun dúdú yóò hù níbẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì máa fẹ́ ẹ sí wa lójú. Ní 1858 ni Max von Pettenkofer, onímọ̀ nípa ìmọ́tótó, ti sọ ní Jámánì pé kí kábọ́ọ̀nù dàọ́sáídì, afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, tó wà nínú yàrá má kọjá 1,000 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹni méjì tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí sùn lábẹ́ ẹ̀rọ yìí lè mú un kọjá 2,000 kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan ti ń ta ẹ̀rọ mìíràn báyìí tí ń fa afẹ́fẹ́ òde wọlé, tí ó sì ń jẹ́ kí èyí tó ń jáde gba ooru àti ọ̀rinrin lára èyí tó ń wọlé, kí owó iná má baà pọ̀ jù. Ohun titun ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà ìdín owó iná kù yẹn lè jẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ihò méjèèjì, èyí tó ń mú afẹ́fẹ́ wọlé àti èyí tó ń lé e jáde, ti Gorrie ni.