Kí Ni Pitch? Bí Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Ro Ẹjọ́ Fíìmù Ìkẹ́kọ̀ọ́jáde Wọn

Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ya fíìmù tí wọ́n máa fi jáde nílé-ìwé, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dúró níwájú ìgbìmọ̀ olùkọ́, kí wọ́n ro ẹjọ́ fíìmù náà: ìtàn wo ni, ta ló máa ṣe kí ni, ọjọ́ mélòó, èló. Ìjókòó yẹn ni wọ́n ń pè ní pitch. Ẹgbẹ́ á sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ìbéèrè á wá tẹ̀ lé e. Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i, ilé-ìwé á yọ̀ǹda kámẹ́rà, iná àti ẹ̀rọ ohùn.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dùn jù ló máa borí. Irọ́ ni. Ìtàn dáadáa kì í wọ́n níwájú ìgbìmọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá fíìmù náà ṣeé yà tán pẹ̀lú èèyàn, owó àti ọjọ́ tó wà nílẹ̀.

Logline ló máa ń ṣáájú, ìyẹn gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ ẹni tí ìtàn dá lé, ohun tó ń wá, ohun tó dí i lọ́nà, àti ohun tó máa bàjẹ́ bí kò bá rí i. “Fíìmù wa dá lórí ìyà àti ìrètí” kì í ṣe logline. Kámẹ́rà ò lè ya ìrètí. Ẹ wá gbọ́ èyí: “Alákàrà kan ní Ọ̀jọ́ta gbọ́dọ̀ rí alájọ tó gbé owó rẹ̀ sá kí ilẹ̀ tó mọ́, torí àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa lé ọmọ rẹ̀ jáde nínú ìdánwò.” A ti mọ ẹni tó ń sá, ẹni tó ń lé e, àti àsìkò tó kù.

Lẹ́yìn èyí ló kan breakdown, ibẹ̀ gan-an sì ni nǹkan ti sábà máa ń dàrú. Breakdown ni pé kí ẹ tú ìran kọ̀ọ̀kan nínú script (ìwé tí wọ́n kọ ìtàn fíìmù sí) palẹ̀: òṣèré wo ló wà níbẹ̀, aṣọ wo, ẹrù wo, ọkọ̀ wo, ọ̀sán ni àbí òru. Bí wọ́n bá fi lẹ́tà Courier oníwọ̀n 12 tẹ script bó ṣe yẹ, ojú ewé kan máa ń jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù. Wọ́n tún máa ń pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sọ́nà mẹ́jọ, kí wọ́n lè wọn ìran kúkúrú. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 10 lóòjọ́ lè ya ojú ewé 3 sí 4 láìdá ara wọn lóró, nítorí náà script olójú ewé 12 á gbà tó ọjọ́ 4. Bí ẹgbẹ́ kan bá kọ ọjọ́ 2 sílẹ̀ fún un, ìgbìmọ̀ ti mọ̀ pé wọn ò ṣírò rẹ̀ rárá.

Síbẹ̀, ìwọ̀n ojú ewé nìkan lè tan èèyàn jẹ. Ẹ wo ìlà yìí nínú script alákàrà wa: “Ìran 7. Ìta, ọjà, òru. Òjò dé, èrò ọjà tú ká.” Ìdá kan nínú mẹ́jọ ojú ewé ni, àmọ́ ó lè jẹ odindi òru kan. Ẹ máa nílò táńkà omi àti ẹni tó máa di họ́ọ̀sì mú. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú kámẹ́rà àyàfi bí iná bá ń tàn wá láti ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ò sì gbọ́dọ̀ kan iná àti wáyà jẹnẹrétọ̀, kí iná má bàa gbé èèyàn. Waka pass 20, ìyẹn àwọn tó máa ṣe èrò ọjà, máa jẹun, wọ́n sì máa wá ọkọ̀ lọ sílé lóru. Aṣọ alákàrà gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n bára mu délẹ̀, torí nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ tún ìran náà yà, èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ á ti rin gbingbin. Ariwo omi á tún bo ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré.

Ẹgbẹ́ tó mọṣẹ́ á gbé alákàrà lọ sábẹ́ pánù ìsọ̀ kan. Họ́ọ̀sì kan ṣoṣo á máa da omi sórí pánù, omi á máa kán ní etí rẹ̀ níwájú kámẹ́rà, ọjà ẹ̀yìn rẹ̀ á ti dá páropáro. Ẹ ó fi ìró òjò ńlá kún un nígbà tí ẹ bá ń to fíìmù pọ̀. Òjò rọ̀, táńkà ò sì dé. Irú àtúnṣe yìí ni ìgbìmọ̀ máa ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu olùdarí kí wọ́n tó béèrè.

Ní ti lokéṣọ̀n, ìyẹn ibi tí ẹ ti máa ya fíìmù, ẹ lọ wò ó ní irú ọjọ́ àti irú wákàtí tí ẹ fẹ́ yà á gan-an. Yàrá tó dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe ìsọjí lálẹ́ Ọjọ́rú. Kí onílé bu ọwọ́ lu lẹ́tà, kí ọjọ́ àti aago wà nínú rẹ̀. “Àǹtí mi ló nilé” ò tó. Kí ẹ sì yẹra fún lokéṣọ̀n méjì lọ́jọ́ kan: dídi ẹrù, sísúnkẹrẹ nínú gò-slò àti títún iná tò lè jẹ ìdajì ọjọ́.

Bí ilé-ìwé bá ń yáni ní kámẹ́rà lọ́fẹ̀ẹ́, oúnjẹ àti ọkọ̀ ló máa ń gbé owó lọ. Èèyàn 15, ọjọ́ 4, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́: àwo oúnjẹ 120 nìyẹn, ẹ má sì kọ “oúnjẹ” lásán sínú ìwé ìnáwó. Ẹ fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó pamọ́ fún àìròtẹ́lẹ̀. Orin olókìkí tí ẹ fẹ́ lò nílò àṣẹ méjì, ti ẹni tó kọ orin àti ti ẹni tó ni àwo tí wọ́n gbà á sí. Láìsí méjèèjì, àjọ̀dún fíìmù lè kọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ pitch, kí olóòtú (producer) sọ̀rọ̀ owó àti ọjọ́, kí olùdarí sọ ìtàn, kí akámẹ́rà sọ bí àwòrán ṣe máa rí, kí ẹni tó ń gba ohùn náà sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó yani lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa ń gbàgbé ẹni ìkẹyìn yẹn, nígbà tó jẹ́ pé ohùn tó bàjẹ́ ló tètè ń lé òǹwòran. Dípò kí ẹ kó àwòrán láti inú fíìmù olówó ńlá, ẹ fi fóònù ya lokéṣọ̀n yín gan-an. Bí wọ́n bá bi yín pé “Bí òṣèré yín ò bá wá ńkọ́?”, orúkọ ẹni kejì ni ìdáhùn. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, a máa mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì” sàn ju kí ẹ máa hun ún.

Ìgbìmọ̀ lè ní kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, kí ẹ padà lọ tún script kọ, tàbí kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹ bá ṣe àwọn nǹkan kan. Bó bá jẹ́ èyí ìkẹyìn, ẹ kọ àwọn nǹkan náà sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ kà á fún wọn padà, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀, torí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ò ní gbé kámẹ́rà fún yín láìrí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí.